Ọ̀nà Tí Íntánẹ́ẹ̀tì Gbà Wọlé

Íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé ní ibi tó ti ń wá, gẹ́gẹ́ bí omi inú ilé ṣe ní. Kò sí onílé kan ní Kabba tí kò mọ̀ bóyá inú kànga ni omi rẹ̀ ti ń wá, tàbí bọ́hólù, tàbí orí páànù nígbà òjò. Ó mọ̀ ọ́n nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe wàhálà rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi onílé kan náà léèrè irú íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lò, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé “nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni” tàbí “Wi-Fi ni.” Ìdáhùn méjèèjì kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà tó gbà wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ orúkọ àpapọ̀ tí ìgboro ń pe gbogbo rẹ̀, láti orí ìpè fóònù dé orí dátà. Wi-Fi ní tirẹ̀ jẹ́ ìṣísẹ̀ mélòó kan tó gbẹ̀yìn ìrìn àjò náà.

Wi-Fi yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, torí òun ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ìgbì rédíò tó ń lọ láàárín ráútà àti fóònù ni, láti pálọ̀ dé yàrá, kì í sì í sábà kọjá ọgbà ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín ohun tó ti wọlé ká. Òun kọ́ ló ń lọ pọn ọ́n wá. Ìdí nìyí tí àmì Wi-Fi fi lè kún fọ́fọ́ lójú fóònù kí fídíò kan má sì ṣí. Fóònù ń gbọ́ ráútà dáadáa. Ohun tó já ni ọ̀nà tó ti ìta wá sọ́dọ̀ ráútà. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè ra ráútà tuntun nígbà tó jẹ́ orí òpó tó wà lókè ni nǹkan ti bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà ni yóò máa bínú sí, nígbà tó jẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá rẹ̀ ló ń dí ìgbì náà lọ́wọ́. Ìdánwò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ẹni náà gbé fóònù lọ sí ẹ̀gbẹ́ ráútà gan-an. Bí ó bá yára níbẹ̀ tí kò sì yára ní yàrá, Wi-Fi ni ẹlẹ́bi. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ìta ni kí a yíjú sí.

Ní ìta yìí, ìtàn ilẹ̀ wa ti dín iṣẹ́ kù fún ẹni tó ń wádìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ṣìkágò, wáyà tẹlifóònù ti wọ ilé tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, orí wáyà bàbà yẹn náà sì ni íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ gùn wọlé. Ọ̀kan lára irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní DSL. Ní Nàìjíríà, NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ló ni wáyà tẹlifóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2001 fi máa dé, gbogbo ìlà tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, nínú àwọn ènìyàn tó ti lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Kabba, ìlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe odindi ìpínlẹ̀ ńlá nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò ju ìlú tí ìlà rẹ̀ ṣeé kà lọ. Nígbà tí fóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, àwọn ènìyàn fo wáyà kọjá pátápátá. Ilé tí bàbá kò ti ní tẹlifóònù rí ni ọmọ ti ń fi síìmù pe Abùjá. Nítorí náà, nínú gbogbo irú íntánẹ́ẹ̀tì tí ìwé òkèèrè ń kà sílẹ̀, èyí tó gba wáyà tẹlifóònù ni onílé ní ilẹ̀ Okun, níbi tí Kabba wà, lè kọ́kọ́ yọ kúrò láìbẹ̀rù.

Kí dátà tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, sáíbà káfé ni àwọn ènìyàn ń lọ. Ẹni tó bá rántí ìgbà náà yóò rántí díìṣì fífẹ̀ kan tó dojú kọ òfuurufú, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àti káàdì ìwé pélébé tí wọ́n ń ra wákàtí lé lórí kí ọmọ tó wo èsì ìdánwò JAMB tàbí WAEC rẹ̀. Sátẹ́láìtì ni ìyẹn. Ó yẹ kí a rántí rẹ̀, torí ọ̀nà sátẹ́láìtì ti padà dé ní ọ̀tun, ohun tí àwọn kan sì mọ̀ nípa ti àtijọ́ ló ń ṣì wọ́n lọ́nà nípa ti ìsinsìnyí.

Ó wá ku ohun tó wà nínú ilé gan-an. Kí onílé gbé àpótí tó ń fún un ní Wi-Fi, kí ó yí i po, kí ó wo ohun tó wọ inú rẹ̀. Wáyà iná kò kà. Gbogbo wọn ló ní in. Ihò síìmù ni kí ó wá. Bí síìmù bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: íntánẹ́ẹ̀tì ilé náà jẹ́ ti fóònù alágbèéká, yálà àpótí náà jẹ́ MiFi kékeré tó ní bátìrì tirẹ̀, tàbí ráútà ńlá orí tábìlì, tàbí ó kàn jẹ́ fóònù ọmọ ilé kan tó tan họ́tísípọ́ọ̀tù. Ojú ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà. Ní Kabba, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà àti ní Ìsánlú, èyí ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ilé, ìdí sì nìyí tó fi yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀.

Lẹ́tà tó ń hàn lókè fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìtumọ̀. E ni ti ìran kejì, tí lẹ́tà WhatsApp lè gbà kọjá, tí àwòrán yóò sì máa fà bí ìgbín. H tàbí H+ tàbí 3G jẹ́ ìran kẹta. 4G tàbí LTE ni èyí tí fídíò lè fi máa lọ láìdúró, 5G sì ni tuntun, èyí tí MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, tó sì ṣì fìdí kalẹ̀ sí àwọn ìlú ńlá jù. Lẹ́tà yìí lè yí padà láàárín yàrá kan sí èkejì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ Android lè tẹ *#*#4636#*#* bí ẹni fẹ́ pe ènìyàn. Lórí ọ̀pọ̀ irú fóònù, ojú ewé kan yóò ṣí tó sọ irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà àti agbára rẹ̀ ní dBm. Nọ́ńbà náà máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú. Fún 4G, -80 dára gan-an. Bí ó bá ti ń lọ sí -110 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ ti tán. Iye yìí sàn ju igi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí fóònù ń yà lọ, torí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye igi tí yóò fi hàn.

Ní ìlú tí òkè yí ká bíi Kabba, nọ́ńbà yẹn ń sọ ìtàn ilẹ̀. Ìgbì 4G tó wà ní 2600 MHz máa ń lọ tààrà, kò fẹ́ràn òkè, kò sì fẹ́ràn ògiri. Èyí tó wà ní 800 tàbí 900 MHz ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ inú ilé dáadáa, àmọ́ kì í lè gbé ẹrù tó pọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn àpáta lè máa wo òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókèèrè nígbà tó bá jáde sí títì, síbẹ̀ kí E máa hàn ní pálọ̀ rẹ̀. Kò dìgbà tí ó bá ra ohun olówó ńlá. Kí ó kọ́kọ́ gbé ráútà lọ sí ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó náà, kí ó gbé e ga, kí ó sì tún nọ́ńbà wò. Ìyípadà mítà méjì péré lè sọ -112 di -98, ìyàtọ̀ náà sì lè jẹ́ ti ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí fídíò àti ọmọ tí kò rí ẹ̀kọ́ náà gbọ́.

Ó dára kí a tún gbé ojú sókè wo òpó fúnra rẹ̀. Àwọn pákó gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúró ṣánṣán ni ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Àwọn ohun roboto tó dà bí ojú ìlù ni ó ń bá òpó mìíràn sọ̀rọ̀. Òpó tó ní ojú ìlù lè jẹ́ pé láti orí òpó kejì ló ti ń gba tirẹ̀, tí ìyẹn náà sì ń gba tirẹ̀ láti ibòmíràn, títí tí wọn yóò fi kan fáíbà tó gba abẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá títì. Bí iná bá kú lórí ọ̀kan láàárín, tí dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, gbogbo èyí tó wà níwájú lè dákẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Bùnú pé “wọ́n ti gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ”, òpó tó wà lójú wọn kò ní àìsàn kankan. Ohun tó ṣe é jìnnà sí wọn.

Fóònù alágbèéká tún ní ìwà kan tí a fi lè dá a mọ̀ láìwo àpótí rárá: aago. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òpó kan ló ń pín ohun tí òpó náà lè gbé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé kan bá ń sáré ní aago márùn-ún ìdájí, tó sì ń wọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti padà sílé láti oko àti ọjà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òpó ló ti ń wá.

Bí kò bá sí síìmù nínú àpótí, kí onílé tọ wáyà lẹ́yìn. Bí wáyà bá jáde láti inú ráútà, tó gba fèrèsé, tó sì gun òrùlé lọ bá pátákó funfun pẹlẹbẹ tó dojú kọ ọ̀run, sátẹ́láìtì ni. Kí ó má ṣe dà á pọ̀ mọ́ díìṣì DSTV tó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ń gba àwòrán nìkan, kì í gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá. Starlink ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn pátákó yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ṣáájú gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù ní Áfíríkà. Ẹni tó bá fi ti sáíbà káfé àtijọ́ wé e yóò ṣe àṣìṣe. Sátẹ́láìtì ti àtijọ́ wà ní 35,786 kìlómítà lókè, níbi tó ti ń bá ayé yí lọ́gbọọgba, tó fi dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ìbéèrè yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀; ìdáhùn yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀. Kódà bí ìgbì ṣe ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn náà nìkan ti gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń kọlu ara wọn nígbà tí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ti Starlink wà ní nǹkan bí 550 kìlómítà péré. Wọn kì í dúró sójú kan. Ọ̀kan ń kọjá, òmíràn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni ohun tí wọ́n ń pè ní ping ń wọ̀n, ó sì wà lára ohun tí gbogbo ojú ewé tí a fi ń wọn ìyára máa ń fi hàn. Bí ping bá jẹ́ 600 mìlísẹ́kọ́ńdì (ms) tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sátẹ́láìtì òkè réré. Bí ó bá wà láàárín 25 sí 60, ó lè jẹ́ Starlink, ó sì lè jẹ́ 4G tó dára, torí náà kò tó láti fi dájọ́ nìkan. Òjò ńlá ń dín agbára sátẹ́láìtì kù, igi ń dí i. Ilé tí igi máńgòrò tàbí kajú bò lórí kò yẹ fún un, àfi kí wọ́n gbé pátákó náà sókè kọjá ewé. Iná sì wà níbẹ̀. Pátákó yìí àti ráútà rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 50 sí 100 wáàtì ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn. Ní ìlú tí iná ìjọba kò dúró, ẹni tó ń rà á ń ra sólà tàbí bátìrì mọ́ ọn láìmọ̀. MiFi tó ń jẹ bátìrì tirẹ̀ kò béèrè irú èyí.

Àmọ́ wáyà tó gun òrùlé lè má lọ sọ́dọ̀ ọ̀run. Bí ohun tó wà lókè kò bá dojú kọ òfuurufú, tó jẹ́ pé ó yíjú sí ilé kan tàbí òpó kan lọ́ọ̀ọ́kán, rédíò láti ilé sí ilé ni. Wọ́n ń lò ó ní ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ní ọgbà tí ènìyàn kan ti ra íntánẹ́ẹ̀tì tó lágbára, tó sì ń pín in fún àwọn aládùúgbò lówó oṣù. Níhìn-ín, ẹni tó ń lò ó ní láti béèrè ìbéèrè kan sí i: báwo ni ti ẹni tó ń pín in ṣe wọlé? Ìdáhùn náà ni ìdáhùn tirẹ̀, torí òun wà lẹ́yìn ráútà ẹlòmíràn.

Fáíbà kò ṣòro láti dá mọ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó sábà máa ń dúdú tàbí funfun, tó ti òpó ẹ̀bá títì tàbí abẹ́ ilẹ̀ wọlé, tó sì parí sí àpótí kékeré kan pẹ̀lú ẹnu aláwọ̀ ewé. Kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré nínú gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun. Lórí àpótí náà ni wọ́n kọ PON àti LOS sí. PON ń tàn ní àwọ̀ ewé nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Bí LOS bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ náà kò dé mọ́, kò sì sí ohun tí títan àti pípa ráútà lè ṣe sí i. Ó lè jẹ́ pé okùn ti já níbì kan. Ilé tó ní irú èyí pọ̀ ní Èkó àti Abùjá ju ibikíbi lọ. Ó dunni pé fáíbà ńlá ń bá ọ̀pọ̀ títì gba ẹnu ọ̀nà àwọn ìlú wa kọjá láìyà wọlé. Ẹni tó rí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ilé òun ti ní fáíbà.

Àwọn ọmọ Okun tó wà lókè òkun ń bá ọ̀nà méjì mìíràn pàdé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fáíbà lè dé àpótí irin tó wà ní kọ̀rọ̀ òpópónà, kí wáyà bàbà tẹlifóònù sì parí ìrìn náà dé ilé. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á lè máa pe ìyẹn náà ní fáíbà. Ẹnu wáyà tó wọ ráútà ni yóò tú u fó: tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti tẹlifóònù àtijọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, wáyà tó nípọn, tí ẹnu rẹ̀ ń yí bíi bóòtù, ni ti tẹlifíṣọ̀n, ó sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Ó ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ń wádìí kò lè fojú kan àpótí, bí ayálégbé tí Wi-Fi wà nínú owó ilé rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pa dátà fóònù tirẹ̀, kí ó wà lórí Wi-Fi nìkan, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ Google pé kí ni àdírẹ́sì IP òun. Ọ̀pọ̀ ojú ewé tó ń dáhùn ìbéèrè yìí ń sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni àdírẹ́sì náà. Bí ó bá sọ pé Starlink tàbí SpaceX, ojú ọ̀run ni. Bí ó bá sọ pé MTN, ó lè jẹ́ síìmù, ó sì lè jẹ́ fáíbà, torí ilé-iṣẹ́ náà ń ta méjèèjì. Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì kò tó ẹ̀rí; ohun tó wọ inú àpótí ló tó. Orí síìmù àti orí Starlink, ọ̀pọ̀ ilé ló sábà máa ń pín àdírẹ́sì kan ṣoṣo lò, ìdí sì nìyẹn tí kámẹ́rà aṣọ́lé tí wọ́n gbé sí Kabba fi lè kọ̀ láti ṣí tààrà fún ọmọ tó wà ní Èkó, kí ó sì di pé wọ́n ní láti gbé e gba orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé ló tún ń pinnu bí owó rẹ̀ ṣe ń lọ. Dátà síìmù ni wọ́n ń ta ní gígábáìtì; *323# ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà fi ń sọ èyí tó kù láti ọdún 2023. Starlink àti ọ̀pọ̀ fáíbà ń gba owó oṣù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i kí owó ìpè àti dátà gòkè, kó má sì kọjá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ìgbà náà ni ilé tí ọmọ mẹ́ta ti ń wo fídíò lórí síìmù ti ní ìdí láti jókòó ṣírò. Kí wọ́n rántí nínú ìṣirò náà pé Mbps tí àwọn olùtajà ń kọ kì í ṣe mẹ́gábáìtì: 8 nínú rẹ̀ ló pé mẹ́gábáìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó sì ń pinnu bí ilé ṣe lè múra de ìgbà tí ọ̀nà bá dí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun já ní àgbègbè Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì àti fóònù dà rú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹni tí òkun jìnnà sí bíi ti Kabba náà sì wà lára àwọn tó lè jìyà rẹ̀. Àwọn tó gbọ́n ń ra síìmù ilé-iṣẹ́ méjì nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ mìíràn, bíi IHS, ló sábà ni òpó. Àwọn olùtajà dátà ń yá àyè lórí rẹ̀. Síìmù méjì lè tipa bẹ́ẹ̀ so mọ́ irin kan, kí wọ́n sì máa mu dísù inú jẹnẹrétọ̀ kan. Onílé tó fẹ́ mọ̀ kò ní ju pé kí ó wo fóònù méjèèjì ní alẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Bí wọ́n bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n tún jí pọ̀, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, pẹ̀lú orúkọ méjì.